Bí a Ṣe Ń Pọn Ọtí Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Díẹ̀ Nínú Ilé

Fún ìgbà àkọ́kọ́, kílò 1 àgbàdo gbígbẹ, ìkòkò ńlá kan, asẹ́ aláṣọ àti ike mímọ́ tó ní ìdérí ti tó. Ẹ rẹ àgbàdo náà sínú omi fún ọjọ́ kan, ẹ da omi rẹ̀ nù, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sórí àpò tútù lábẹ́ òjìji, kí ẹ máa wọ́n omi sí i láràárọ̀ àti lálaalẹ́ títí yóò fi hù, èyí tó sábà máa ń gba ọjọ́ 3 sí 5. Híhù yìí ni ẹ̀mí ọtí náà, nítorí òun ló ń mú kí sítáàṣì inú àgbàdo lè di ṣúgà. Mo bẹ̀ yín, ẹ kó hóró tó bá ti bu dànù, torí májèlé tó lè wà nínú rẹ̀ kì í kú sínú omi gbígbóná.

Ẹ sá a gbẹ, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ pò ó mọ́ lítà 5 omi tó gbóná níwọ̀nba fún wákàtí 1, kí ẹ tó sè é, kí ẹ sì sẹ́ ẹ. Nígbà tó bá ti tutù pátápátá, ẹ fi ìwúkàrà díẹ̀ sí i. Ẹ má ṣe dé ike náà pinpin, torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde nínú rẹ̀ lè bẹ́ ẹ. Ti ọjọ́ kejì ni mo fẹ́ràn jù. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń kan sí i ni.