Kí ẹ tó sanwó fún àwọn tó ní àwọn yóò bá yín ta ohun tí ẹ hùmọ̀

Ẹ̀yin ará wa ní Amẹ́ríkà, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá hùmọ̀ ohun tuntun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ra fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń polówó pé àwọn yóò bá yín gba pátẹ́ǹtì, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tó hùmọ̀ nǹkan, tí àwọn yóò sì wá olùrà fún un. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1999 fún yín ní ẹ̀tọ́ láti rí i lákọsílẹ̀, kí ẹ tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, iye èrò tí wọ́n ti yẹ̀ wò láàárín ọdún 5 sẹ́yìn, iye tí wọ́n ní ó dára àti èyí tí wọ́n ní kò dára, àti iye oníbàárà tó jèrè gan-an. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo èrò ni wọ́n ń yìn, ìyìn náà kò ní láárí.

Èyí tó burú jù lójú tèmi ni ti pátẹ́ǹtì ìrísí: wọ́n á gbowó gọbọi, wọ́n á sì fún yín ní ìwé tó dáàbò bo bí nǹkan náà ṣe rí lójú nìkan, láìkan bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, débi pé ẹlòmíràn lè yí ìrísí rẹ̀ padà díẹ̀ kí ó sì máa tà á. Lórí ìkànnì USPTO, ìyẹn àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń fúnni ní pátẹ́ǹtì, ẹ lè fúnra yín wá àwọn pátẹ́ǹtì tó ti wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ sì lè ka ẹ̀sùn tí àwọn oníbàárà ti fi kan irú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.