Ohun Tí Kò Yẹ Kí Ẹ Ṣe Tí Ẹ Bá Ń Ṣèwádìí Ìlera Láàárín Ará Ìlú

Púpọ̀ nínú ìwádìí ìlera tó forí ṣánpọ́n láwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà, àbùkù rẹ̀ kò sí nínú ìṣirò tàbí nínú ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Ọ̀nà tí wọ́n gbà tọ àwọn èèyàn lọ ló ti bàjẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo máa pẹ́ díẹ̀ lórí àṣìṣe àkọ́kọ́, torí òun ló ń bí àwọn yòókù.

Ẹ má ṣe ka ìtẹ̀ka sí ìyọ̀ǹda. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí bẹ́ẹ̀dì yóò tẹ̀ka sórí ìwé èyíkéyìí tí ẹni tó wọ aṣọ funfun bá nà sí i. Lójú tirẹ̀, ìtọ́jú ló ń gbà. Kò mọ̀ pé wọ́n ń dán òògùn wò lára ọmọ òun, pé òògùn mìíràn wà nílẹ̀ tí wọ́n ti mọ agbára rẹ̀, àti pé òun lè kọ̀ kí wọ́n sì tún tọ́jú ọmọ náà. Ohun mẹ́ta yìí ló yẹ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún yín kí ẹ tó gbé íńkì jáde. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ tún un ṣàlàyé. Bó bá sì ṣeé ṣe, kí ẹni tó ń gba ìyọ̀ǹda má jẹ́ dókítà tó ń tọ́jú ọmọ náà gan-an. Ta ló fẹ́ bá ẹni tí ẹ̀mí ọmọ òun wà lọ́wọ́ rẹ̀ jiyàn?

Ọ̀rọ̀ Kano kò gbọdọ̀ di ìgbàgbé. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírunyírun ń jà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ apòògùn Pfizer dán òògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé bíi 200. Ìdajì gba Trovan, ìdajì gba ceftriaxone, òògùn tí wọ́n ti mọ agbára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn 11 ló kú: 5 lára àwọn tó gba Trovan, 6 lára àwọn yòókù. Ẹ wo iye yẹn dáadáa. Kì í ṣe iye òkú nìkan ló dá ìjà sílẹ̀. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni kò sọ fáwọn pé ìwádìí ni. Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn fẹnu gba ìyọ̀ǹda. Ohun tí a fẹnu gbà, tí kò sí ẹlẹ́rìí, báwo la ṣe fẹ́ fi hàn? Ní 2009, wọ́n bá ìjọba ìpínlẹ̀ Kano parí ẹjọ́ náà pẹ̀lú mílíọ̀nù 75 dọ́là.

Owó yẹn kéré sí ohun tó bàjẹ́. Nígbà tí àwọn aṣáájú kan ní Kano kọ àjẹsára rọpárọsẹ̀ ní 2003, Trovan wà lára ohun tí àwọn èèyàn ń tọ́ka sí. Ó tó oṣù mẹ́wàá tí ìpínlẹ̀ náà kò fi gba àjẹsára ọ̀hún, àrùn náà sì gba ibẹ̀ padà dé àwọn orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń pín àjẹsára kò mọ nǹkan kan nípa Trovan, àwọn ni wọ́n sì ń tilẹ̀kùn mọ́.

Ìyọ̀ǹda baálẹ̀ kì í ṣe ìyọ̀ǹda ará ilé. Baálẹ̀ lè ní kí ẹ wọ ìlú. Kò lè fún yín ní ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn.

Àṣìṣe kejì ni pé kí ẹ bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ nínú ilé, kí ẹ wá rò pé iṣẹ́ ti parí. Ní Bangladesh, láti 1980, àjọ BRAC, tí kì í ṣe ti ìjọba, rán àwọn obìnrin láti ilé dé ilé kí wọ́n kọ́ àwọn ìyá bí a ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Ọgbọ́n tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni ti owó iṣẹ́: ohun tí àwọn ìyá bá rántí nígbà tí ẹlòmíràn padà wá bi wọ́n ni wọ́n fi ń ṣírò owó òṣìṣẹ́. Àwọn ìyá rántí lóòótọ́, síbẹ̀ díẹ̀ ló ń lò ó. Ìgbà tí wọ́n ṣèwádìí ni wọ́n rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn kò gba omi náà gbọ́, àti pé ẹnikẹ́ni kò bá àwọn ọkọ sọ̀rọ̀. Wọ́n tún òṣìṣẹ́ kọ́, wọ́n lọ bá àwọn ọkùnrin ní mọ́ṣáláṣí àti ọjà, ìlò rẹ̀ sì gbèrú. Tó bá jẹ́ pé ohun tí àwọn ìyá rántí nìkan ni wọ́n kọ sínú ìròyìn wọn, wọn ì bá pe ìjákulẹ̀ yẹn ní àṣeyọrí.

Bákan náà, ẹ má fi ìwé ilé ìwòsàn nìkan ka òkú ìlú. Ẹni tó kú sílé kò sí níbẹ̀, òun ló sì sábà máa ń jẹ́ tálákà jù.

Paríparí rẹ̀, ẹ má gba ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn kí ẹ wá dákẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ fún ìwádìí mìíràn, tàbí kí ẹ fi ránṣẹ́ sókè òkun, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó gún wọn lábẹ́rẹ́. Owó ọkọ̀ àti ìpàdé tí ẹ fi máa padà lọ jábọ̀ fún wọn, ẹ kọ ọ́ sínú ìṣirò owó iṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀, torí tí iṣẹ́ bá parí, kò sí ẹni tó máa fún yín mọ́. Bí òògùn náà kò bá sì ṣiṣẹ́, ìyẹn náà ni kí ẹ lọ sọ fún wọn.