Bí mo ṣe kọ ìtàn akéde àti ewúrẹ́ Ìyá Rísì

"Kéré o, kéré! Ọba ní kí n kí yín o, kí n tún yín kí. Ewúrẹ́ Ìyá Rísì sọnù láti àná. Ó ní àmì funfun níwájú orí, ó ń tiro díẹ̀. Ẹni tó bá rí i, kó jọ̀ọ́ bá wa sọ fún un pé kó máa bọ̀ nílé, wọn ò bínú sí i mọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì mọ orúkọ ìlú, mi ò mọ ọjọ́ orí akéde, mi ò sì mọ ohun tí ewúrẹ́ ṣe tí wọ́n fi bínú sí i. Alẹ́ ọjọ́ kan ni mò ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi, ohùn bàbá àgbà kan sọ sí mi létí, mo bá sáré kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé. Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ó ti di ìtàn àròsọ apanilẹ́rìn-ín tó ní orí 14. Bí mo ṣe ṣe é nìyí, nítorí àwọn tó ti ń bi mí pọ̀, pàápàá àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí ìtàn ń dùn mọ́ ṣùgbọ́n tí wọn ò mọ ibi tí wọn yóò ti mú un.

Ìtàn náà kò díjú. Ọmọkùnrin kan tó ń ta káàdì ìpè ní oríta fi fóònù gba ohùn bàbá akéde sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn ọmọ ìlú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dé Peckham ní London, ó ti dé Houston ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà tó yá, ẹnì kan tí kò tíì wá sílé láti ọdún 11 gbọ́ "wọn ò bínú sí i mọ́", kò lè rẹ́rìn-ín. Ó gbé fóònù, ó pe ìyá rẹ̀. Àtìgbà náà ni ìlú kò ti sùn mọ́. Oníròyìn dé, àwọn tó ń ṣe fídíò dé, àwọn èèyàn ń fowó ránṣẹ́ láti òkè òkun pé kí bàbá bá àwọn kéde ọ̀rọ̀ ìlàjà tiwọn náà.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo lọ bá akéde gidi. Ní ìlú wa ní Ìbàràpá, a ṣì ní ọ̀kan, bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Mo gbé obì dání, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní iṣẹ́ wọn ni mo fẹ́ mọ̀. Wọ́n mú agogo jáde lábẹ́ ibùsùn, wọ́n fi aṣọ nù ún kí wọ́n tó fi hàn mí. Wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ làwọn máa ń kéde, nígbà tí àwọn èèyàn bá ti oko àti ọjà dé, torí ọ̀rọ̀ tí a sọ fún ilé òfìfo, ẹṣin rẹ̀ ti sá lọ. Wọ́n ní bí ajá bá ń gbó, àwọn á dúró kó gbó tán. Mo béèrè bóyá ó máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín nígbà mìíràn, bí ìgbà tí ẹran tó sọnù bá jẹ́ ẹran tó máa ń jalè. Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀.

"Tíṣà, nǹkan ẹni ló sọnù. Bí mo bá rẹ́rìn-ín sí i, ta ló máa wá a?"

Mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì lóye rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Kí n tó kọ ibi tí òkìkí ti dé, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Igbó-Ọrà. Kò jìnnà sí wa rárá, ṣùgbọ́n mo fẹ́ lọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń wò. Gbogbo ayé ló ń pe Igbó-Ọrà ní ìlú ìbejì. Fún àwa tí a bí sí agbègbè yìí, ẹ̀jìrẹ́ kì í ṣe ohun ìyanu, kò sí agbo ilé tí a ò ti ń kí wọn ní "wínrinwínrin lójú orogún, ẹ̀jìwọ̀rọ̀ lójú ìyá ẹ̀." Àwọn ará ìta ló wá kà á fún wa. Dókítà Patrick Nylander ṣe ìwádìí ní ilẹ̀ Yorùbá láàárín ọdún 1972 sí 1982, ó sì bá ìbejì 45 sí 50 nínú ìbí 1,000, nígbà tí ti gbogbo ayé jẹ́ nǹkan bíi 12. Oníròyìn kò yéé wá mọ́. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún 2018, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọdún ìbejì ńlá níbẹ̀, tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ń wọ aṣọ kan náà jáde, ọba àti ìjòyè náà ń jáde.

Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá kan tó ń bó ẹ̀gẹ́ níwájú ilé rẹ̀. Àlejò kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ti na kámẹ́rà kó tó kí èèyàn. Ìyá náà gbé ọwọ́ sókè sí i pé kó dúró ná. Ó wọlé, ó pẹ́ díẹ̀, ó mú Táíwò àti Kẹ́hìndé jáde. Ó ti fi ìpara pa wọ́n lójú títí wọ́n fi ń dán, ó ti wọ ànkárá kan náà fún wọn. Bọ́tìnnì kan ti já lára aṣọ Kẹ́hìndé. Ó fa píìnì yọ lára ìró ara rẹ̀, ó fi há a. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó yá, ẹ máa yà á." Àlejò béèrè ohun tí gbogbo wọn máa ń béèrè: kí ni wọ́n ń jẹ tí wọ́n fi ń bí ìbejì báyìí? Ó dáhùn bí ẹni pé wọn kò bi í rí: "Ọbẹ̀ ilasa ni o, pẹ̀lú àmàlà. Ẹ wọlé kẹ́ ẹ bá wa jẹ díẹ̀." Àwọn dókítà kò tíì fi ẹ̀rí múlẹ̀ pé ewé ilá ló ń fa ìbejì. Ìyá yìí kò sì bá dókítà kankan jà. Àlejò ló dé, ó ń ṣe é lálejò.

Píìnì yẹn ni mo gbé bọ̀ wálé. Ó wà ní orí kẹfà ìwé mi, lára agbádá akéde, lọ́jọ́ tí àwọn tẹlifíṣọ̀n dé.

Mo kọ orí márùn-ún àkọ́kọ́ kíákíá, lálaalẹ́, sínú ìwé olójú-ewé ọgọ́rin. Mo wá kó wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Télọ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan. Mo gba gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn ẹ̀rín nímọ̀ràn pé kó wá ibi tí ọwọ́ àwọn èèyàn ti dí, kó kà á sókè fún wọn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ lè fi ọ̀wọ̀ rẹ́rìn-ín fún ọ. Ẹni tó ń rán aṣọ kì yóò dá máṣíìnì dúró nítorí rẹ bí ọ̀rọ̀ rẹ kò bá dùn.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi abẹ́rẹ́ gún ọwọ́. Ìyá Télọ̀ ń tẹ máṣíìnì lọ ní tiwọn. Nígbà tí mo parí, wọ́n gé òwú, wọ́n ká aṣọ náà, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, Tíṣà. Ó dùn. Ṣùgbọ́n kí ni bàbá yẹn ṣe yín?"

Ara mi bù máṣọ. Nínú ohun tí mo kà, bàbá akéde di fóònù mú lódìkejì. Ó kí oníròyìn tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n, ó dúró kó dá òun lóhùn. Ó ń bẹ̀rù makirofóònù. Bàbá tí mo gbé obì lọ bá ńkọ́? Fóònù ni wọ́n fi ń gba owó gbàgùúdá wọn, wọ́n sì mọ nọ́ńbà ọmọ wọn méje lórí. Ta ni mo wá ń kọ? Mo ti fi bàbá ìlú kan ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí kí àwọn ọmọ iṣẹ́ lè rẹ́rìn-ín, ó sì dùn mí gan-an, torí ìfẹ́ bàbá náà ló gbé mi dìde kọ ìwé.

Mo fa orí mẹ́ta ya nínú márùn-ún. Mo padà lọ wo àwọn eré àtijọ́ Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, tí wọ́n papò dà ní ọdún 2018. Gbogbo wa la mọ táì ńlá yẹn àti awò ojú tí kò ní gíláàsì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú wọn nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dá wọn lójú! Owó tí wọ́n ń wá, wọ́n ń wá a tọkàntọkàn. Àwa là ń rẹ́rìn-ín, àwọn ò rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ bàbá akéde wá yé mi: nǹkan ẹni ló sọnù.

Bí mo ṣe wá kọ orí kẹfà nìyí. Àwọn tẹlifíṣọ̀n dé ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, wọ́n ní kí bàbá kéde kí àwọn yà á, kí àwọn máa lọ. Bàbá ní rárá, ìrọ̀lẹ́ ni ìkéde. Wọ́n bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní owó ń bẹ. Bàbá ní owó kò lè mú kí àwọn ará oko tètè dé. Wọ́n bá dúró. Nígbà tó di ọ̀sán, ẹni tó gbé kámẹ́rà ti ń bá Ìyá Rísì ṣa ẹ̀gúsí, ọ̀gá wọn ti ń gún iyán, awakọ̀ wọn sì ti sùn lórí ẹní nílé ẹni tí kò mọ̀ rí. Ọ̀rọ̀ kejì tún dé. Akéde kì í dá jáde, ọba ló ń rán an. Ṣé ọba lè ránṣẹ́ sí àwọn ará London? Ṣé abẹ́ ọba wa ni wọ́n wà? Àwọn ìjòyè jókòó lé e lórí láti aago méjì títí di márùn-ún, tí Ọ̀tún ní ààlà ilẹ̀ wa kò kọjá odò, tí Òsì ní ibi tí ọmọ ẹni bá wà ni ààlà ilẹ̀ ẹni. Ọba gbọ́ tẹnu gbogbo wọn, wọ́n ní: "Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ń jí lóru nítorí rẹ̀ níbí, abẹ́ mi ló wà."

Mi ò fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín níbẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí mo kà á ní ṣọ́ọ̀bù, máṣíìnì Ìyá Télọ̀ dákẹ́. Wọ́n fi ìbọ̀rí nu ojú, ẹ̀rín ni o.

Àwọn orí tó kù kò fún mi ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Wàhálà ibi títẹ̀ ló ga jù. Mo ti tẹ iṣẹ́ náà sínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn, mo gbé e lọ sí ibi ìtẹ̀wé kan kí wọ́n tẹ ẹ̀dà mẹ́fà fún àwọn tó ń gbọ́ mi. Wọ́n ṣí fáìlì náà, wọ́n pààrọ̀ fọ́ǹtì rẹ̀ láìsọ fún mi, àmì ibì kan di àpótí kéékèèké, tibòmíràn sì pòórá. Bẹ́ẹ̀, Ìyá Rísì opó ni, ọkọ rẹ̀ ti kú ní orí kìíní. Mo kọ ọ́ ní orí kẹsàn-án pé "Ọkọ̀ Ìyá Rísì dé láti Èkó", ọkọ̀ tó kó ẹrù rẹ̀ bọ̀ ni. Ohun tó wà nínú ìwé ni "Oko Iya Risi de lati Eko." Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ pariwo pé òkú jí! Láti ọjọ́ náà, Charis SIL ni fọ́ǹtì tí mò ń lò, torí ó gba àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀ lórí lẹ́tà kan, mo sì ń sọ iṣẹ́ di PDF tí fọ́ǹtì wà nínú rẹ̀ kí n tó gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ Yorùbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àmì yín lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Sátidé tí mo ka orí kẹtàlá, mo gbà pé mo ti ṣe tán. Ará Peckham ti wálé, ìyá rẹ̀ ti dì mọ́ ọn. Àwọn oníròyìn ti lọ bá òkìkí mìíràn nílùú mìíràn. Bàbá akéde ti fi owó tí wọ́n rí gbà tún òrùlé ààfin ṣe. Mo pa ìwé dé. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pàtẹ́wọ́.

Ìyá Télọ̀ ní, "Ewúrẹ́ ńkọ́?"

Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Láti orí kìíní, gbogbo ayé ti bá ara wọn làjà lórí ewúrẹ́ yẹn, kò sì sẹ́ni tó tún wá a mọ́. Ìyá Rísì ṣì ń dá nìkan wo ojú ọ̀nà.

Mo lọ sílé, mi ò jẹun, mo kọ orí kẹrìnlá ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ojú ewé mẹ́rin péré ni. Ewúrẹ́ gba ẹ̀yìn kùlé wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń tiro, ewéko há mọ́ ọn lára. Kò sí kámẹ́rà kankan nílẹ̀. Ìyá Rísì kò pariwo. Ó da èèpo iṣu sínú igbá, ó gbé e síwájú rẹ̀, ó jókòó tì í, ó ń bá a ṣa ewéko kúrò lára. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, agogo dún ní oríta.

"Kéré o, kéré! Ọba ní kí n kí yín o, kí n tún yín kí. Ewúrẹ́ Ìyá Rísì ti dé. Ó ti jẹun."