Ìdánwò Sáyẹ́ǹsì Tí Ọmọ Lè Parí Kí Ilẹ̀ Tó Mọ́

Ọmọ á ti ilé ìwé dé, á jẹun, á ṣeré tẹ́rùn, ó di aago mẹ́jọ alẹ́ kó tó rántí: "Mọ́mì, ọ̀la ni àfihàn sáyẹ́ǹsì wa o." Ọjà ti tú. Ẹ má jágbe mọ́ ọn. Ohun tó wà nínú ilé ìdáná tó ṣe ìdánwò gidi, irú èyí tí olùkọ́ máa dúró tì láti bi ọmọ ní ìbéèrè.

Ohun tó ya ìdánwò sọ́tọ̀ sí idán ni ìbéèrè tó ní ìfiwéra nínú. Òkè oníná tí wọ́n ń fi bákìn sódà àti fínígà ṣe máa ń hó gùdùgùdù, ó dùn ún wò, àmọ́ bí olùkọ́ bá béèrè pé "Kí lo fẹ́ mọ̀?", ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń dákẹ́. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó bu omi sí ife kankan, ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó fẹ́ mọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kó máa yàtọ̀ láti ife kan sí èkejì. Ìyókù gbọ́dọ̀ dọ́gba: ife kan náà, ìwọ̀n omi kan náà, àkókò kan náà.

Ewé sóbò, kán-ún àti ọsàn wẹ́wẹ́

Bó bá jẹ́ ẹyọ kan péré ni àyè máa gbà yín láti ṣe, èyí ni kẹ́ ẹ mú. Sóbò, ìyẹn ìṣápá pupa, ní àwọ̀ kan nínú tí wọ́n ń pè ní anthocyanin. Nínú ohun tó kan, ìyẹn ásíìdì, àwọ̀ náà á pọ́n. Nínú álíkálì, bíi omi kán-ún tàbí omi eérú, á yí padà di àwọ̀ ewé. Ìbéèrè ọmọ lè jẹ́: "Nínú àwọn nǹkan tí ìyá mi ń lò nílé, èwo ni ásíìdì, èwo ni álíkálì?"

Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé kan lára ewé sóbò gbígbẹ sínú abọ́, ẹ da omi gbígbóná 50cl lé e, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ sì sẹ́ ẹ. Ẹ má fi atalẹ̀ tàbí ṣúgà sí i. Sóbò mímu kọ́ là ń ṣe. Ẹ dà á sínú ife tó mọ́ gaara, kí ọmọ fi ìka rẹ̀ sẹ́yìn ife. Bí kò bá rí ìka náà, ó ti ki jù, ẹ fi omi là á. Ibí gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà: sóbò tó ki á dúdú, àwọ̀ tuntun kò ní lè hàn nínú rẹ̀.

Nígbà tí sóbò bá ń tutù, ẹ ṣe àwọn omi tẹ́ ẹ máa fi dán an wò. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ méjì. Ẹ po bákìn sódà ṣíbí tíì kan mọ́ ìdajì ife omi. Ẹ lọ kán-ún tó tó hóró ẹ̀wà méjì, ẹ pò ó mọ́ ìdajì ife omi, ẹ jẹ́ kó sílẹ̀, kẹ́ ẹ lo èyí tó tòrò lókè. Bẹ́ ẹ bá ní eérú igi, ẹ da ṣíbí ìjẹun méjì sínú ife omi kan, ẹ rò ó, ẹ fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ. Irú omi eérú bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń se ọṣẹ dúdú ń lò, kìkì pé tiwọn máa ń le ju èyí lọ, ọ̀pọ̀ ìgbà eérú èèpo kòkó ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ó máa ń ta ara, kó má kan ojú ọmọ.

Ẹ to ife mẹ́fà sílẹ̀, ẹ bu sóbò ṣíbí ìjẹun mẹ́ta sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fọwọ́ kan ti àkọ́kọ́. Ẹ bu omi lásán ṣíbí ìjẹun kan sí ìkejì, omi ọsàn sí ìkẹta, omi bákìn sódà sí ìkẹrin, omi kán-ún sí ìkarùn-ún, omi eérú sí ìkẹfà, ṣíbí kan náà ní ìwọ̀n. Ọmọ á rí i pé ti omi lásán kàn fúyẹ́ díẹ̀ ni. Ife yẹn ṣe pàtàkì, torí òun ló máa fi hàn pé kì í ṣe omi tá a fi kún un ló ń pa àwọ̀ dà. Ti ọsàn á pọ́n fòò. Àwọn tó jẹ́ álíkálì á kọ́kọ́ di elésè àlùkò, á wá fara jọ aró, lẹ́yìn náà á di àwọ̀ ewé.

Bí àwọ̀ kò bá yí, ẹ má bínú da ife nù. Sóbò fúnra rẹ̀ kan gan-an, kíkan yẹn ni kán-ún máa kọ́kọ́ bá jà. Ẹ fi ṣíbí kan kún un, ẹ rò ó, ẹ tún wò ó. Á máa yọ ìfófòó bó ti ń ṣẹlẹ̀, torí ásíìdì tó bá pàdé kán-ún tàbí bákìn sódà máa ń tú afẹ́fẹ́ carbon dioxide jáde. Kí ife má kún jù.

Ibi tí èyí ti wá ń di ìdánwò tó ní nọ́ńbà rèé. Ẹ gba síríǹjì 5ml tí kò ní abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, kí ọmọ máa fi omi kán-ún kán sóbò ní 1ml, 1ml, kó máa kà á títí á fi di àwọ̀ ewé. Kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún omi bákìn sódà àti omi eérú náà, lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́ta, kó sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó gba omi díẹ̀ jù ló le jù. Lẹ́yìn náà, kó kán omi ọsàn sínú ife tó ti di àwọ̀ ewé, kó wò ó bó ti ń padà pọ́n. Ojú ọmọ máa ń là síbẹ̀.

Ẹ má po ife wọ̀nyí sílẹ̀ mọ́jú. Àwọ̀ ewé yẹn kì í pẹ́ kó tó di ràkọ̀ràkọ̀, torí álíkálì máa ń ba anthocyanin jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Sóbò sínú ìgò tirẹ̀, omi kọ̀ọ̀kan sínú ìgò tirẹ̀, kó wá pò wọ́n níwájú olùkọ́. Ẹ ò sì gbọdọ̀ fi bílíìṣì kún àwọn ohun tẹ́ ẹ ń dán wò. Bílíìṣì tó bá pàdé ọsàn, fínígà tàbí sóbò máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró jáde.

Yíìsì tó ń fẹ́ bàlúùnù

Èyí gba bíi wákàtí kan. Ẹ wá ìgò ike 50cl mẹ́ta tó bára mu, bàlúùnù mẹ́ta, yíìsì búrẹ́dì ṣíbí tíì mẹ́ta àti ṣúgà ṣíbí ìjẹun méjì. Ìgò kìíní: omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ 20cl, yíìsì ṣíbí tíì kan, ṣúgà ṣíbí ìjẹun kan. Ìgò kejì: bákan náà, láìsí ṣúgà. Ìgò kẹta: yíìsì àti ṣúgà, ṣùgbọ́n inú ife tánganran ni kẹ́ ẹ ti da omi híhó lé yíìsì, ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ di lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kẹ́ ẹ tó dà á sínú ìgò. Bẹ́ ẹ bá da omi híhó tààrà sínú ìgò ike, ìgò á ká kò.

Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì ṣe. Ife omi híhó kan sí ife omi ẹ̀rọ mẹ́rin ló máa fún yín ní nǹkan bí ìwọ̀n 40 Celsius. Bẹ́ ẹ bá pò ó ní ìdajì sí ìdajì, á kọjá ìwọ̀n 60, yíìsì á kú, bàlúùnù kankan ò sì ní dìde.

Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ bàlúùnù kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì kó lè rọ̀, ẹ fi bo ẹnu ìgò, ẹ fi rọ́bà dè é típẹ́típẹ́. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ọmọ fi òwú yí ikùn bàlúùnù ká, kó na òwú náà sórí rúlà, kó kọ iye sẹ̀ǹtímítà. Ti ìgò kìíní á dìde dúró. Ti ìkejì, bóyá ni á mira. Ti ìkẹta á so rọ̀.

Ohun ẹlẹ́mìí ni yíìsì. Ó ń jẹ ṣúgà, ó sì ń tú carbon dioxide jáde. Òun náà ló ń mú kí póòfù wú, irú rẹ̀ ló sì ń mú kí ẹmu máa hó. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi dé ìgò ẹmu pinpin. Bákan náà, ẹ má fi ìdérí dé ìgò wọ̀nyí, ó lè bẹ́. Bí yíìsì bá ti pẹ́ nílé, ẹ po díẹ̀ mọ́ omi ṣúgà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí kò bá hó láàárín ìṣẹ́jú 15, ẹ fi í sílẹ̀, kẹ́ ẹ padà sídìí sóbò.

Ẹyin nínú omi iyọ̀

Èyí ló yá jù. Omi 25cl nínú ife gígùn, ẹyin tútù kan tó rì nínú omi lásán. (Ẹyin tó ti pẹ́ ní afẹ́fẹ́ nínú, ó lè léfòó láìsí iyọ̀, á sì ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.) Ẹ máa fi iyọ̀ kún un ní ìdajì ṣíbí ìjẹun, ẹ rò ó títí á fi yọ́ tán, ẹ dá ẹyin padà, ẹ kà á. Láàárín ṣíbí méjì sí mẹ́ta, ẹyin á gbéra. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú ṣúgà nínú ife mìíràn: ṣíbí tó máa gbà á ju ìlọ́po méjì lọ, ìdí rẹ̀ ni kí ọmọ lọ rò.

Bí àkókò bá kù, ẹ da omi iyọ̀ dé ìdajì ife, ẹ fi ẹyin sí i, ẹ wá gba ẹ̀yìn ṣíbí rọra da omi lásán lé e lórí. Ẹyin á dúró ságbedeméjì, bí ẹni pé wọ́n fi okùn tí a kò rí so ó rọ̀.

Aṣọ tútù àti ìgò omi

Ìgò omi méjì tó dọ́gba, ẹ fi aṣọ tó rin wé ọ̀kan, ẹ gbé méjèèjì sójú fèrèsé tí atẹ́gùn ń gbà fún wákàtí kan. Omi tó ń gbẹ lára aṣọ ń gbé ooru lọ, bí àmù ṣe ń mú omi tutù. Ọ̀nà yìí ni Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jìgáwá, gbà kó ìkòkò amọ̀ kan sínú èkejì, pẹ̀lú iyanrìn tó rin láàárín wọn, kí ẹ̀fọ́ má bàa tètè bàjẹ́. Ó gba ẹ̀bùn Rolex, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe aago ọwọ́, lórí rẹ̀ ní ọdún 2000. Nígbà ọyẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ jù. Lásìkò òjò, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí aṣọ gbẹ, ìyàtọ̀ á kéré. Tẹmọ́mítà ibà kò wúlò fún un, kì í ka ohun tó tutù ju ara èèyàn lọ dáadáa. Ẹ di ojú èèyàn mẹ́wàá, kí wọ́n fọwọ́ kan omi inú ìgò méjèèjì, kí ọmọ ka iye àwọn tó mú èyí tó tutù.

Páálí àti ọ̀nà ilé ìwé

Ọmọ ni kó kọ páálí náà fúnra rẹ̀, bí ọwọ́ rẹ̀ ò tilẹ̀ gún: ìbéèrè, ohun tó rò pé á ṣẹlẹ̀, ohun tó lò, tábìlì nọ́ńbà, ohun tó rí. Bí ohun tó rò kò bá ṣẹ, kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kó má pa á rẹ́. Ẹ mú ife tó ṣẹ́kù dání, àti àkísà méjì. Ẹ fi bírò ńlá kọ "MÁ MU ÚN" sára ìgò sóbò, ìgò kán-ún àti ìgò eérú, torí nígbà ìsinmi, òùngbẹ á máa gbẹ àwọn ọmọ, sóbò sì jọ sóbò.