Ọ̀gọ̀dọ̀ Kì í Ṣe Àmù: Àṣìṣe Àwọn Tí Ó Fẹ́ Gba Lámilámi Lálejò

Iṣẹ́ gbígbẹ́ ọ̀gọ̀dọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé ni mò ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti dí ọ̀pọ̀ ọ̀gọ̀dọ̀ inú oko pa ní ọ̀rúndún tó kọjá. Lámilámi tí àwọn oníbàárà mi ń fẹ́ jù ni Pyrrhosoma nymphula, èyí pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó máa ń pa ìyẹ́ dé sẹ́yìn bí ó bá bà, tí ó sì máa ń jáde ní oṣù Kẹrin ṣáájú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Kòkòrò tí ó wọ́pọ̀ ni, kò sì béèrè ohun púpọ̀. Àwa ni owó ń yọ lẹ́nu.

Èkíní, ẹ má da ẹja sí i. Ẹja góòlù tí ẹ rà ni yóò jẹ ọmọ lámilámi tán.

Èkejì, ẹ má gba ewéko tí ẹ kò mọ̀. Láti ọdún 2014 ni òfin ti de títa Crassula helmsii, ewéko omi kan tí ó máa ń gbilẹ̀ kíákíá, ní England, síbẹ̀ ó ṣì ń fara pamọ́ sínú ìkòkò òdòdó tí ọ̀rẹ́ fi ta ni lọ́rẹ, ègé kékeré lára rẹ̀ sì lè bo gbogbo ojú omi.

Ẹ̀kẹta ni ó ń dùn mí. Ìyá kan, ọmọ Abẹ́òkúta, pè mí pé, "Àbúrò, àwọn lámilámi mi ti kọ̀ mí sílẹ̀." Mo débẹ̀, mo bá omi tí ó mọ́ gaara. Wọ́n ti gbọ́n ọn gbẹ nígbà Àjíǹde, wọ́n kó ẹrẹ̀ dànù, wọ́n sì fi búrọ́ọ̀ṣì ha ìsàlẹ̀ rẹ̀. Inú ẹrẹ̀ àti ewé jíjẹrà yẹn gan-an ni àwọn ọmọ náà ń gbé! Ọdún méjì ni wọ́n sábà máa ń lò lábẹ́ omi kí wọ́n tó gun ewéko jáde láti bọ́ awọ, nítorí náà, ìran méjì ni ìyá wa kó dà sórí ààtàn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. N kò lè bínú sí i púpọ̀, nítorí pé èmi náà fi kànìnkànìn ha ọ̀gọ̀dọ̀ mi àkọ́kọ́ bí ẹni ń fọ àmù, mo sì jókòó tì í fún ìgbà ooru méjì tí ẹ̀fọn nìkan dá mi lóhùn. Bí ẹrẹ̀ bá pọ̀ jù, ẹ kó díẹ̀ nínú rẹ̀ ní ìgbà ìwọ́wé, kí ẹ sì fi í sí etí omi fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lè rá padà.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé omi ẹ̀rọ: omi òjò ni kí ẹ lò. Ẹ fi pọ́ǹpù olówó gọbọi náà sílẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ fi owó rẹ̀ ra ewéko tí ewé rẹ̀ ń léfòó, nítorí inú rẹ̀ ni abo ń yé ẹyin sí, tí akọ yóò sì di í lọ́rùn mú títí yóò fi yé e tán, bí ọkọ òjòwú.