Láti Abẹ́òkúta dé Ákrà lẹ́bàá òkun: bí mo ṣe ṣètò ìrìn ọkọ̀ mi

Máàpù á sọ fún yín pé nǹkan bíi kìlómítà 500 ló wà láàárín Abẹ́òkúta àti Ákrà, ẹ sì lè rò pé iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ẹnubodè mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ti Nàìjíríà sí Bẹ̀nẹ̀, ti Bẹ̀nẹ̀ sí Tógò, ti Tógò sí Gánà. Ẹnubodè àti ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni mo fi pín ìrìn yìí, n kò fi kìlómítà pín in. Òkun kì í hàn lójú títì jálẹ̀. Ibi díẹ̀ ló ti ń súnmọ́ ọ̀nà, bí ẹ bá sì gba ibẹ̀ kọjá lóru, òkùnkùn lẹ sanwó epo fún.

Ìwé ni mo kọ́kọ́ tò. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 gba ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú ẹgbẹ́ náà láàyè láti wọ ìlú ara wọn fún ọjọ́ 90 láìgba físà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mú páásípọ́ọ̀tù tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá dání, kí wọ́n sì lù ú ní òǹtẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń jáde àti nígbà tí ẹ bá ń wọlé. Òǹtẹ̀ kan tí ẹ bá fò ní àlọ lá dá yín dúró ní àbọ̀. Yẹ́lò káàdì tún wà níbẹ̀, ìyẹn ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni káàdì náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, nítorí náà kì í ṣe ohun tí ẹ̀ ń lọ gbà lọ́jọ́ tó ku ọ̀la. Láti 2016, ẹ̀ẹ̀kan péré ni gbígba abẹ́rẹ́ náà, títí ayé ni.

Ti ọkọ̀ ló le jù. Mo kó ìwé ọkọ̀, ìwé tó fi hàn pé a ti san owó kọ́sítọ́ọ̀mù lórí rẹ̀, ìwé pé ọkọ̀ dára fún ìrìn, àti láísẹ́ǹsì awakọ̀ sínú fáìlì kan, mo sì ṣe ẹ̀dà mẹ́ta-mẹ́ta, nítorí gbogbo ibi tí wọ́n ti bèèrè ló lè fẹ́ gba ẹ̀dà. Bí orúkọ ẹlòmíràn bá wà lórí ìwé ọkọ̀, ẹ gba lẹ́tà àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì búra sí i ní kóòtù; ọ̀rọ̀ ẹnu pé "ọkọ̀ bùrọ̀dá mi ni" kò lówó lórí ní ẹnubodè. Lẹ́yìn náà ni ìnṣọ́ránsì tí wọ́n ń pè ní Brown Card, tí àdéhùn 1982 dá sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì yín ló máa fún yín. Ẹ mọ̀ dájú pé jàǹbá tí ọkọ̀ yín bá ṣe fún ẹlòmíràn nìkan ló ń sanwó fún. Bí táyà bá bẹ́ tí ọkọ̀ tiyín sì wọ kòtò, owó àpò yín ni.

Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, wọ́n á kọ ìwé àṣẹ fún ọkọ̀ náà láti wọlé fún ìgbà díẹ̀, laissez-passer ni wọ́n ń pè é. Ní Gánà náà, kọ́sítọ́ọ̀mù ní tiwọn ní Aflao, ẹnubodè wọn sí Tógò. Kí ẹ tó kúrò níwájú fèrèsé, ẹ fi ìka tẹ̀ lé nọ́ńbà ọkọ̀ àti nọ́ńbà ṣaṣí lẹ́tà-lẹ́tà, kí ẹ sì wo iye ọjọ́ tí wọ́n kọ. Lẹ́tà kan tó bá ṣì, ọkọ̀ ẹlòmíràn ni ìwé yẹn ń sọ. Ọjọ́ tí kò bá dé ọjọ́ àbọ̀ yín á di owó ìtanràn.

Nínú oṣù, mo yan ìparí Oṣù Kọkànlá. Òjò ti lọ, ọyẹ́ kò sì tíì bo ojú òkun, èrò Kérésì kò sì tíì kún ẹnubodè. Bí ẹ bá fẹ́ wo ọdún Fódún, ìyẹn ọdún òrìṣà, ní Ouidah ní Bẹ̀nẹ̀, 10 Oṣù Kìíní ni. Ẹ wá ilé ìtura sílẹ̀ ṣáájú. Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú Oṣù Kọkànlá, ọdún Hogbetsotso, ọdún ìbílẹ̀ àwọn Anlo, ń lọ ní Anloga ní Gánà, títì ibẹ̀ á dí. Lóṣù Kẹfà àti Keje, òjò ń rọ̀ gan-an, ẹ jẹ́ kó kọjá.

Ọ̀nà tí mo yàn láti Abẹ́òkúta ni Pápálántò, Ìlaròó, Òwòdè, Ìdí-Ìrókò, kí n tó wọ Igolo, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Kútọnu. Àwọn tó bá fẹ́ gba Àgbádárìgì àti Sèmè lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ti Ẹ̀gbá bọ̀ ò nílò kó lọ jókòó sínú gòsílóò Èkó kó tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Ìdí-Ìrókò wà lára àwọn ẹnubodè tí ìjọba tì ní 2019 tí wọ́n sì tún ṣí ní Oṣù Kẹrin 2022. Ibi àyẹ̀wò pọ̀ ní ọ̀nà náà. Ẹ fi fáìlì sí ibi tí ọwọ́ tètè tó o, ẹ má ṣe fi sí búùtù. Epo ńkọ́? Ní 2019, àṣẹ jáde pé kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ẹnubodè, nítorí náà Abẹ́òkúta ni mo ti kún táǹkì. Ọkọ̀ tó ń jẹ lítà kan fún kìlómítà 10 á nílò 50 dé Ákrà. Mo fi 10 kún un nítorí ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́ lórí ìlà. Ní ẹ̀bá títì ní Bẹ̀nẹ̀, ẹ óò rí epo nínú ìgò, kpayo ni wọ́n ń pè é. Ó lè dínwó, àmọ́ ẹ kò mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn, ẹni tí jẹ́tì rẹ̀ bá dí ní Grand-Popo lá mọ ìdí rẹ̀.

Lórí ìlà ẹnubodè náà ni ọkọ̀ ti ń gbóná jù, nítorí kò sí afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí rédíétọ̀. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tan ọkọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ásì fún ìṣẹ́jú 30, kó rí i pé fáànù ń tan fúnra rẹ̀. Ẹ yẹ bíréèkì wò àti táyà tó wà ní búùtù pẹ̀lú.

Ní ti owó, sẹ́fà kan náà ni Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń ná, sídì ni Gánà. Ẹ wo iye tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ má baà gba iye tí ẹni àkọ́kọ́ bá pè. Ẹ ṣẹ́ ìwọ̀n sẹ́fà tí á tó yín dé Lomé, kí ẹ wá ṣẹ́ èyí tó kù sí sídì ní Aflao, kí ẹ fọwọ́ ara yín kà á. Ẹ tọ́jú owó wẹ́wẹ́ fún owó ibodè títì láàárín Kútọnu àti Ouidah.

Ìwọ̀-oòrùn lẹ̀ ń lọ, òkun á wà lọ́wọ́ òsì. Ẹni tó fẹ́ wò ó, kó jókòó sẹ́yìn awakọ̀. Láti nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, oòrùn á kọjú sí awakọ̀ gan-an. Ìdí nìyẹn tí mo fi pín ìrìn sí mẹ́ta, tí gbogbo rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀.

Ọjọ́ kìíní, Abẹ́òkúta sí Grand-Popo. Ní Àjàṣẹ́, Yorùbá ṣì ń gbà yín. Ẹ yà ní Ouidah, tó wà ní bíi kìlómítà 40 sí Kútọnu, kí ẹ lọ wo Ẹnubodè Àìpadà tí wọ́n kọ́ sí etí òkun ní ìrántí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ. Ọ̀nà etíkun tí wọ́n ń pè ní Route des Pêches tún wà láàárín ìlú méjèèjì, ó sì dára lójú. Iyanrìn lè wà ní apá kan rẹ̀. Ọkọ̀ kékeré tó wọ̀ ọ́ láìròtẹ́lẹ̀ á rì. Bí ẹ bá fẹ́ gba ojú iyanrìn, ẹ dín afẹ́fẹ́ táyà kù láti 32 sí bíi 20 lórí géèjì, ẹ má dúró lójú iyanrìn, ẹ má sì yí sítíárìn lójijì. Ẹ mú pọ́ǹpù tó ń lo bátìrì ọkọ̀ dání láti dá afẹ́fẹ́ padà. Bí táyà bá ti rì, ẹ má tẹ iná. Ó ń walẹ̀ sí i ni. Ẹ gbẹ́ iyanrìn iwájú rẹ̀, ẹ fi pákó tàbí ẹní sábẹ́.

Ọjọ́ kejì ló dùn jù fún mi. Láti Grand-Popo sí Hilla-Condji, ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀ sí Tógò, kò jìnnà, aago á sì padà sẹ́yìn wákàtí kan bí ẹ bá wọ Tógò. Aného wà láàárín òkun àti ọ̀sà. Ẹ dúró ní afárá. Láti ibẹ̀ dé Lomé, bíi kìlómítà 45, ẹ óò kọjá Kpémé, níbi tí afárá tí wọ́n ti ń kó fọ́sífétì, òkúta tí wọ́n ń fi ṣe ajílẹ̀, sínú ọkọ̀ ojú omi ti yọ sínú òkun. Ní Lomé, ẹnubodè Gánà fẹ́rẹ̀ẹ́ wà láàárín ìlú, lẹ́bàá òkun. Mo ní kí a sùn sí Keta. Láti Aflao, ẹ má tẹ̀ lé títì ńlá tó gba Akatsi lọ. Ẹ gba Denu, Adina, Blekusu, Kedzi. Òkun wà lápá òsì, ọ̀sà Keta, tó tóbi jù ní Gánà, wà lápá ọ̀tún. Ní Oṣù Kọkànlá 2021, òkun ya wọ ilé àwọn ará agbègbè yìí, nítorí náà ẹ bèèrè nípa títì kí ẹ tó kúrò ní Denu.

Ẹ má lúwẹ̀ẹ́ ní etíkun wọ̀nyí. Omi tó ń padà sínú òkun lágbára ju bó ṣe rí lójú lọ, ó sì ń fa ẹni tó mọ ìwẹ̀ pàápàá.

Ọjọ́ kẹta ẹ gba Woe, níbi tí ilé iná atọ́kọ̀ wà, àti Anloga, tí wọ́n ti ń gbin àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ sórí iyanrìn. Ẹ yọ sí títì ńlá ní Dabala, ẹ sọdá odò Volta ní Sogakope, kí ẹ ra búrẹ́dì àti abolo, oúnjẹ àgbàdo kan, níbẹ̀. Ẹ lè yà ní Kasseh sí Ada Foah láti wo ibi tí Volta ti ń wọ òkun. Láti Tema wọ Ákrà, ọkọ̀ pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí ẹ dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi omi lásán fọ abẹ́ ọkọ̀ àti inú rìmù, kí iyọ̀ òkun má baà jẹ irin.