Kóòṣì tèmi nìkan, àbí kóòṣì àwa mẹ́rin?

Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági Tuntun, n'Íbàdàn. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, orí àpótí kékeré ni mo máa ń wà. Nígbà tí mo fi pé ọmọ ọdún 51, bí mo bá fẹ́ dìde, àfi kí n di tábìlì mú. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ní ọsibítù, ó jẹ́ 150/95. Dókítà fún mi lóògùn, ó sì ní kí n máa ṣe eré ìdárayá. Bí mo ṣe di ará jíìmù nìyẹn.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí níbẹ̀ ni pé ṣé mo fẹ́ kóòṣì tèmi nìkan ni, àbí kí n wọ inú àwọn tó ń pín kóòṣì kan. Mo ti ṣe méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ ṣe máa ná an.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ ń rà. Bí mo bá lóṣòó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kì í tó ìṣẹ́jú kan. Ìsinmi tó tẹ̀ lé e á gba bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Ìsinmi ló wá pọ̀ jù nínú wákàtí kan! Bí kóòṣì bá jẹ́ tèmi nìkan, mò ń san owó ìsinmi yẹn náà fún un, òun á kàn dúró máa wo fóònù rẹ̀ ni. Bí a bá jẹ́ mẹ́rin, ìgbà tí mò ń sinmi ló ń wo ẹlòmíì. Nítorí náà, ẹ má rò pé ìṣẹ́jú 15 péré ló máa kàn yín.

Síbẹ̀, tèmi nìkan ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Mi ò mọ nǹkan kan nígbà yẹn. Kóòṣì mi, ọmọ tí mo lè bí, gbé bẹ́ńṣì gíga kan sẹ́yìn mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí ìdí yín kọ́kọ́ wá àga, kí orúnkún tó tẹ̀." Gìgísẹ̀ mi ń dìde nílẹ̀, mi ò mọ̀. Èyí tó burú jù ni pé bí mo bá ti gbé irin, mo máa ń sé èémí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, sísé èémí lábẹ́ ẹrù a máa ti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Ó kọ́ mi pé kí n mí sínú bí mo bá ń lọ sílẹ̀, kí n mí síta bí mo bá ń dìde. Nítorí pé ó dúró tì mí ló ṣe gbọ́ pé mi ò mí. Láàárín èèyàn mẹ́rin, ta ni ì bá gbọ́?

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo lọ, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ₦10,000 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má san ju ti oṣù kan lọ ṣáájú o. Jíìmù kan wà tí mo ti kọ́kọ́ san ti oṣù mẹ́ta, kóòṣì wọn bá ibòmíràn lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì, owó mi kò sì padà.

Báwo ni ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó tó àkókò láti wọ inú àwọn mẹ́rin? Mo sọ fún kóòṣì pé kó pa ẹnu mọ́ fún odindi ọjọ́ kan, kó kàn máa wò mí. Mo lóṣòó, mo gbé irin nílẹ̀ láìtẹ ẹ̀yìn, mo ti ara mi kúrò lára ògiri, mo fa okùn, mo gbé ẹrù rìn. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló la ẹnu. Mo ní ó tó.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Ó ní ₦5,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ Gbági ni mí, mo ṣírò ó: ₦4,000 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ ₦16,000, ó ju ₦10,000 tó ń gbà lọ́wọ́ mi lọ, wákàtí kan náà ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà.

Ẹ má kó ọ̀rẹ́ lọ. Àṣìṣe tí mo ṣe nìyí. Mo mú aládùúgbò ìsọ̀ mi dání, ọmọ ọdún 35. Ó gbé kílò 12, kílò 6 ni tèmi. Ìtìjú mú kí n gbé tirẹ̀, ìbàdí dùn mí fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹni tí ara yín jọra ni kí ẹ wá. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, awakọ̀ kan, àti obìnrin kan tó ń ránṣọ ni mo ń bá ṣe é báyìí. Ìjókòó ló ba ti gbogbo wa jẹ́. Aago mẹ́fà ìdájí la fi ṣe é, Túsìdeé àti Jímọ̀. Ẹni tí kò wá, á san owó rẹ̀. Láìsí òfin yìí, ẹgbẹ́ náà kò ní pé oṣù méjì.

Ẹ ní kí kóòṣì fi ìwé rẹ̀ hàn yín: kílò tí olúkúlùkù gbé, àti iye ìgbà. Bí ìwọ̀n kan náà bá wà lọ́wọ́ ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ijó Sátidé ni ẹ ń jó. Mo fẹ́ràn ijó Sátidé o, ṣùgbọ́n mi ò lè san ₦4,000 fún un.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì ń ga tó ń sọ̀, tàbí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, kí ó rí dókítà ná, kó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kóòṣì tirẹ̀ nìkan.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà fi ara ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán, kí a sì ṣe eré tó ń fún iṣan lágbára fún ọjọ́ méjì. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi ń rin 150 yẹn, ọ̀fẹ́ ni. Ọjọ́ méjì ti iṣan ni mò ń san owó lé lórí.

Mo ṣì máa ń ra wákàtí kan tèmi nìkan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ohun tuntun bá wọlé. Oṣù tó kọjá, kóòṣì ní kí n gbé kílò 20 nílẹ̀. Mo sanwó kí n lè kọ́ ọ níkọ̀kọ̀, ní Wẹsidé. Nígbà tó di Jímọ̀, mo gbé e lójú tíṣà.